Fernandez tàbí Fernandes: lẹ́tà kan ṣoṣo tó gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi

Oṣù mẹ́jọ àti ₦214,000 ni lẹ́tà kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò ra ilẹ̀, mi ò kọ́lé. Lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ ìdílé wa ni. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n fún wa nígbà tí bàbá mi papòdà ní 2021, Fernandez ló wà níbẹ̀. Nínú àkáǹtì tí bàbá ṣí ní 1974, Fernandes ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n fi lo àkáǹtì yẹn, wọ́n ń fi owó sí i, wọ́n ń gbowó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ìgbà tí wọ́n kú tán ni lẹ́tà ò bára mu mọ́.

Mo kó gbogbo ìwé tó yẹ dání, títí kan èyí tí kóòtù fún àwa ọmọ lórí ohun tí bàbá fi sílẹ̀, mo lọ sí báǹkì náà láti gba owó inú àkáǹtì yẹn. Ọmọbìnrin tó wà ní kàǹtá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi bírò tọ́ka sí z, ó fi tọ́ka sí s, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹni méjì nìyí."

Ẹni méjì! Bàbá tó bí mi, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ìwé, ni wọ́n là sí méjì lójú mi. Mo ní orúkọ kan náà ni. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n jọra, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àwọn kò ní gbà á, kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Mo bi í pé irú ẹ̀rí wo. Kò mọ̀. Ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ náà kò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ná mi lówó, torí gbogbo ohun tí mo bá ti rò pé ó lè jẹ́ ẹ̀rí ni mo ń sáré lọ ṣe.

Mo búra ní kóòtù. Mo gbé e sínú ìwé ìròyìn méjì. Ẹni tó bá ti tún orúkọ ṣe rí mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ, mi ò ní máa tò ó síbí. Báǹkì dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo ni orúkọ, ẹni tó ni ín ló yẹ kó búra. Ẹni tó ni ín sì ti wọ ilẹ̀ lọ. ₦68,000 bá a lọ nìyẹn. Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ, ǹ bá má ti yà sí kóòtù rárá.

Inú bí mi. Mo ní ó dáa, bí wọ́n bá ní ẹni méjì ni, màá kọ lẹ́tà sí wọn, màá fi ìdí orúkọ náà hàn wọ́n láti orísun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ ni mí, ìwé kì í bà mí lẹ́rù. Gbogbo ayé mi ni mo sì ti ń jẹ́ orúkọ yìí láì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo mọ ìtumọ̀ orúkọ gbogbo ará àdúgbò, n kò mọ ti tèmi.

"Ọmọ Fernando" ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Castile ní Sípéènì àtijọ́, orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fi -ez kún ìdí rẹ̀. Ọmọ Rodrigo ni Rodríguez, ọmọ Martín ni Martínez, ọmọ Sancho ni Sánchez, ọmọ Gonzalo ni González. Láyé ìgbà náà, kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ tó ń ti ìran kan bọ́ sí òmíràn. Jagunjagun tí wọ́n ń pè ní El Cid, tó kú ní Valencia ní 1099, Rodrigo Díaz ni orúkọ rẹ̀, torí Diego ló bí i. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Diego Laínez, torí Laín ló bí ìyẹn. Ọmọkùnrin tí Rodrigo fúnra rẹ̀ bí ń jẹ́ Diego Rodríguez. Bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kò sí méjì tí orúkọ ìdílé wọn bára mu. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀, torí bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn kí ilé ìwé òyìnbó tó dé: Àjàyí ọmọ Ògúnlànà, Ògúnlànà ọmọ Fádípẹ̀. Ẹ sì wò ó bí Diego ṣe fò láti ara bàbá àgbà sára ọmọ-ọmọ, bí ẹni pé Babátúndé ni wọ́n sọ ọ́.

Fernando fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sípéènì láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Visigoth ló mú un wá, ẹ̀yà kan lára àwọn ará Jámánì àtijọ́ tí wọ́n wọ Sípéènì ní ọ̀rúndún karùn-ún tí wọ́n sì fi Toledo ṣe olú ìlú. Ìgboyà ni apá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí apá àkọ́kọ́: àwọn kan ní àlàáfíà ni, àwọn kan ní ìrìn àjò ni. Èmi gba ti ìrìn àjò, nítorí ibi tí orúkọ náà rìn dé. Àwọn ọba ló sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ayé. Fernando Kẹta gba Córdoba ní 1236, ó gba Seville ní 1248, ìjọ Àgùdà sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1671. Nígbà tí ọba bá lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ? Bí Fernando bá sì pọ̀, àwọn ọmọ Fernando náà á pọ̀.

Ẹnu wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àwọn ará Castile ò fẹ́ f níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sọ ọ́ di h, nígbà tó yá wọn ò pe h pàápàá mọ́. Ìyẹ̀fun tí àwọn Potogí ń pè ní farinha, harina ni lẹ́nu tiwọn. Ọmọ tí àwọn Potogí ń pè ní filho, hijo ni lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Fernando bí Hernando, tí Fernández sì bí Hernández. Hernán Cortés tó ṣẹ́gun olú ìlú àwọn Aztec ní Mẹ́síkò ní 1521, Fernando ni. Ní Potogí, -es ni wọ́n fi parí rẹ̀, Fernandes, èyí ni wọ́n sì gbé lọ sí Goa ní Íńdíà, tí wọ́n jọba lé lórí láti 1510 títí di 1961. Títí dòní, ẹ óò bá Fernandes ní Goa lọ jàra. Ní Sri Lanka, Fernando gan-an ló di orúkọ ìdílé. Ní Filipíìnì, gómìnà Narciso Clavería pàṣẹ ní 1849 pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ, ó sì fi ìwé tí wọ́n to àwọn orúkọ sí ránṣẹ́ sí àwọn ìlú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Sípéènì kankan níbẹ̀ fi ń jẹ́ orúkọ Sípéènì. Àní erékùṣù Fernando Po tó wà lẹ́bàá wa níbí, tó ń jẹ́ Bioko báyìí, orúkọ Fernão do Pó ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Potogí kan tó dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Fernão àti Fernando, ọ̀kan náà ni.

Nǹkan tí mo ń wá gan-an ni z àti s. Mo sì rí i. Ní Castile, wọ́n á ki ahọ́n sáàárín eyín kí wọ́n tó pe z. Ní Andalusia, gúúsù Sípéènì, lápá kan, ní Kúbà àti ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, s ni wọ́n ń pè é. Lẹ́nu Potogí, bí z bá parí ọ̀rọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti s. Nínú ìwé àtijọ́ tiwọn, ẹni tó bá wù ú á kọ -ez, ẹni tó bá wù ú á kọ -es. 1911 ni ìjọba Potogí tó ṣe òfin àkọtọ́, nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá ńlá wa ti ti Bràsíl padà dé Èkó. Yorùbá wá ńkọ́? A ò ní z rárá. Fànáńdẹ̀ẹ̀sì ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè wá. Akọ̀wé tó ṣí àkáǹtì bàbá mi ní 1974 gbọ́ s, ó kọ s. Kí ló fẹ́ ṣe? Frejon, ẹ̀wà tí à ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, feijão ni lẹ́nu àwọn ará Bràsíl, a ò sì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ẹ̀wà méjì ni.

Ẹ̀rí tí mo fi ṣe adé lẹ́tà mi ni ilé alájà kan tó ti wà ní Tinubu rí, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez kan ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, Casa do Fernandez sì ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó dáadáa: "Casa do", èdè Potogí ni, ṣùgbọ́n z ló parí orúkọ. (Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ìdílé wa ló ni ín. Rárá o, Fernandez mìíràn ni.) Ìjọba kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wó o, mo sì sunkún. Bí ilé yẹn bá ṣì wà, ǹ bá ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ lẹ́tà mi.

Ohun kan wà tí mi ò kọ sí wọn, torí kò kàn wọ́n. Bàbá ńlá wa kì í ṣe ọmọ Fernando kankan. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíl, wọ́n rì í bọmi, orúkọ olówó rẹ̀ ló sì jẹ́ nígbà tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà tó padà wálé. Ìwé kankan kò gba orúkọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà ilé la ti gbọ́ pé Ògúnbíyìí ni. Àwọn kan rí tiwọn so mọ́ ara wọn: ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀ sí João Esan da Rocha, tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà Kákáwá, Ẹ̀ṣàn rẹ̀ kò sọnù. Ti àwa sọnù nínú ìwé. Nítorí náà, nígbà tí mò ń jà fún z yẹn, kì í ṣe pé mò ń fẹ́ràn olówó ẹrú. Bàbá mi ló sọ orúkọ náà di tiwa, ọgọ́rin ọdún ó lé ni wọ́n fi jẹ́ ẹ láìsí àbàwọ́n, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pín wọn sí méjì.

Lẹ́tà mi jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Ó dára. Lọ́yà tó bá mi wò ó (₦90,000) ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá kan ní báǹkì pè mí sínú yàrá rẹ̀, ó ní òun ka gbogbo rẹ̀ tán, òun sì gbádùn rẹ̀. Ó wá ní, "Ìtàn ni, mà. Ìwé la nílò. Ẹ wá ìwé tó ti wà kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì, tí orúkọ méjèèjì máa wà nínú rẹ̀." Ó kéré tán, òun sọ ohun tó fẹ́. Ká ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìíní!

Ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi bàbá mi ní 1938 ni mo wá gbà lọ, ibẹ̀ ni mo sì há sí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń wo ìwé àtijọ́. Mo padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ katikíìsì, katikíìsì lọ sí òkú. Mo tún wá, wọ́n ní ìwé 1938 lè wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń di ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn akọ̀wé gan-an, ní ibi tí mo ti ń wò ó láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ̀.

Akọ̀wé ìjọ gbé e kalẹ̀. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan bí ẹni gé e ní sísọ́ọ̀sì, tàdáwà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ní ìparí ìwé náà ni wọ́n to orúkọ sí, orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n sì fi tò ó, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Bàbá mi ń jẹ́ William. Akọ̀wé ṣí i lọ sí W. Kò sí W. Láti V, ìwé tán. Ó ní, "Mà, wọn ò ṣe ìrìbọmi fún bàbá yín níbí." Mo ní kó máa wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló wà nínú ìwé náà, òun kò ráyè. Mo ní kó jẹ́ kí èmi wò ó. Ó ní kì í ṣe ìwé tí ará ìta ń fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, à ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, Fádà ò sí nílé, ìgbákejì Fádà ní kí n dúró de Fádà. Mo ń wọ ọkọ̀ láti Súrùlérè lọ, mo ń wọ ọkọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kan òjò ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, mo dúró níbẹ̀, ìwé ikú bàbá mi wà lábẹ́ aṣọ kí omi má bàa kàn án, mo sì rò ó pé kí n fi owó náà sílẹ̀ fún báǹkì.

Òru ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìwé tí mo fi kọ ìwádìí mi sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò kàn rántí ni: orúkọ tí àwọn ará Jámánì àtijọ́ bá fi w bẹ̀rẹ̀, g ni àwọn tó ń sọ Látìnì àti àwọn ọmọ Látìnì máa ń fi rọ́pò rẹ̀. William di Guillermo ní Sípéènì, ó di Guilherme ní Potogí. Àwọn Fádà àtijọ́ sì rèé, Látìnì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìrìbọmi. Látìnì ò ní w. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé náà fi tán ní V! Oorun ò kùn mí mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́jọ, mo ti wà níbẹ̀. Mo ní kí akọ̀wé jọ̀wọ́, kó bá mi wo G péré. Ó wo ojú mi, ó ṣí i. Gabriel, Georgius, Gregorius, Gulielmus. Mẹ́ta ni Gulielmus, ìkejì ni bàbá mi: Gulielmus Fernandez, orúkọ bàbá àgbà mi wà níbẹ̀, orúkọ ìyá àgbà mi wà níbẹ̀. Ìrù z náà gùn, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúkọ ọmọ tó wà nísàlẹ̀. Orí mi wú. Akọ̀wé pàápàá dìde dúró.

Ohun tó yanjú gbogbo rẹ̀ kò sí lórí ìlà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ló wà. Nínú ìjọ Àgùdà, bí ẹni tí wọ́n rì bọmi bá gbéyàwó, ìjọ tó so wọ́n pọ̀ máa ń ránṣẹ́ sí ìjọ tó rì í bọmi, wọ́n á sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìgbéyàwó bàbá àti ìyá mi wà níbẹ̀, 1966, bírò aláwọ̀ búlúù, ọwọ́ mìíràn: Fernandes. Orúkọ méjèèjì wà lójú ewé kan ṣoṣo fún ẹnì kan ṣoṣo, ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí, torí ó tún gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tí wọ́n máa ń fún èèyàn, ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí àti ti àwọn òbí ìrìbọmi ni wọ́n ń kọ sí i. Wọ́n lè má da ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ síbẹ̀ bí ẹ ò bá béèrè. Irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, inú dídùn ò jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ilé ni mo dé kí n tó rí i pé Fernandes kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà ojú ewé náà lódindi pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí Fádà buwọ́ lù ú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Bí orúkọ òbí yín bá ní ti Látìnì, ẹ wá a mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé: Jacobus ni James, Joannes ni John, Ludovicus ni Louis, Carolus ni Charles. Tí àwọn òbí yín bá sì ṣì wà láàyè, ẹ gbé gbogbo ìwé wọn jọ lónìí, kí ẹ wo lẹ́tà tó kẹ́yìn. Bàbá mi ì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tún un ṣe.

Báǹkì sanwó ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí mo mú ìwé náà dé. Mo ní kí wọ́n dá lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin mi padà fún mi, wọ́n sì dá a padà.

Ẹ̀dà ojú ewé ìrìbọmi náà, mo fi dígí sí i, mo gbé e lọ fún àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ìka tẹ̀lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rí orúkọ bàbá wọn, wọ́n rí ti ìyá wọn, wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Gulielmus," wọ́n ní. "A ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Wílì la máa ń pè é." Wọ́n sì gbé dígí náà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí n má tíì gbé e kọ́ ná.